Kí Ló Sọnù?

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni wọ́n dá fún wa.
Aago méje ni mo ti dé Igbóṣeré,
mo ń yí ilé alájà mẹ́ta náà ká bí ẹni tó fẹ́ rà á.
Bàtà ẹ̀gbọ́n mi Lámídì ni mo wọ̀,
ó fi nọ́ńbà kan jù mí lọ,
mo fi ìwé ìròyìn àná dí i níwájú:
bí mo bá ti gbẹ́sẹ̀, ìròyìn a ké lábẹ́ ìka ẹsẹ̀ mi.

Iṣẹ́ ọjà títà ni. Wọ́n ní àwọn ń wá
"ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn, tí ara rẹ̀ yá gágá."
Màmá mi kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ìwọ gan-an ni wọ́n ń bá wí."

Ogójì ni wá nínú yàrá tó yẹ kó gba mẹ́rìnlá.
Ọmọbìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń há nǹkan sórí,
ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń ka kéú.
Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ti hewú,
ó gbé fáìlì rẹ̀ mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.
Mi ò fẹ́ wo ojú rẹ̀. Mo wò ó. Ó rẹ́rìn-ín sí mi.

Wọ́n pín bébà fún wa, àti pẹ́ńsù tí wọ́n fi òwú so mọ́ tábìlì:
"Kọ orúkọ ogún ènìyàn tí o mọ̀, tí wọ́n lówó lọ́wọ́."
Mo kọ Alhaja onílé wa, mo pa á rẹ́,
a jẹ ẹ́ lówó ilé oṣù mẹ́rin.
Mo kọ Bọ̀ọ̀dá Ọláìtán ní Kánádà, tí kì í gbé fóònù.
Mo ti kọ Bàbá Ìṣẹrì tán kí n tó rántí
pé a sin ín lọ́dún tó kọjá.
Mi ò pa á rẹ́.
Orúkọ méje péré ni mo ní, òkú wà lára wọn.

"Mojo!"
Mojoyinọlá lorúkọ mi.
Wọ́n ti gé oyin kúrò kí n tó jókòó.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówẹ̀mímọ́ kò gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀.
Ó ti bírò kan sọ́dọ̀ mi: "Tà á fún mi."
Mo ní òun ni yóò fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ yín,
mo ní ó fúyẹ́, kì í da yíǹkì sí àpò,
mo purọ́ pé ogún ọdún ni bàbá mi fi lo irú rẹ̀,
bàbá mi, tó jẹ́ àtàǹpàkò ló fi ń tẹ ìwé.
Bọ́ọ̀lù ni ọ̀gá ń wò. Ẹnìkan gbá a wọlé.
"Ó tó," ló wí. Ó wo orúkọ méje mi.
"Gbogbo ẹni tí o mọ̀ nìyí?"
Kò fi ìbínú sọ ọ́.

Owó oṣù ńkọ́?
"Ohun tí o bá tà ni wàá jẹ."
Kí n sì mú ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì náírà wá lọ́jọ́ Ajé
fún páálí asẹ́ omi àkọ́kọ́.
Ìgbà yẹn ló yé mi pé látàárọ̀,
èmi ni wọ́n ń tajà fún.

Nísàlẹ̀, ọlọ́dẹ ní kí n kọ àsìkò tí mo jáde.
Bírò wọn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo fà á, mo mí èémí gbígbóná sí i lẹ́nu.
Òótọ́ kan ṣoṣo ni mo sọ lókè:
kì í da yíǹkì sí àpò. Kò ní in.

Lábẹ́ agboòrùn, àwọn tó ń tẹ ìwé ìbúra ń pe èrò.
Ọ̀kan sáré bá mi, ó di ìgúnpá mi mú,
ó wò mí lójú, òun ló kọ́kọ́ wò mí lójú lónìí:
"Bọ̀ọ̀dá, kí ló sọnù lọ́wọ́ yín?
Fóònù ni? Ìwé-ẹ̀rí ni? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti parí."
Mo la ẹnu pé kò sí nǹkan kan.
Ó ti fa àga fún mi.